Ọ̀tún Ta Ni?

Ọkọ mi ló sọ mí ní Ìdí-Abájọ. Ó ní bí wọ́n bá gbé ìkòkò kaná, ìdérí rẹ̀ lèmi máa kọ́kọ́ ṣí kí n tó béèrè ẹni tó ń se é. Kò parọ́ mọ́ mi. Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró ti oníwáyà gbágbáágbá lọ́jọ́ tó wá so hóòmù tíátà mọ́ tẹlifíṣọ̀n wa, tí mò ń na ọrùn láti rí gbogbo ohun tó ń ṣe.

Ara ògiri ni tẹlifíṣọ̀n náà wà, n kò sì tíì rí ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e kọ́ síbẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ mọ èyí tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí oníwáyà fà á síwájú lórí apá irin rẹ̀, mo yọjú. Eruku ló wà níbẹ̀, àti òkú aáyán kan, àti ihò wẹ́wẹ́ lóríṣiríṣi, àwọn kan pẹlẹbẹ, àwọn kan róbótó.

"Èwo ni ohùn ń gbà jáde nínú wọn?" mo bi í.

"Àwọn róbótó yìí ni, mà. Pupa ni ọ̀tún, funfun ni òsì. Èyí tó rí pẹlẹbẹ yẹn, àwòrán ló ń gba ibẹ̀ wọlé."

"Tí a bá wá fi tàwòrán sí tohùn ń kọ́?"

"Mà," ó ní, "ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi èyí tó yẹ síbi tó yẹ ná."

Lóòótọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wáyà nìkan ló wà lọ́kàn mi. Bàbá ọkọ mi jókòó sórí àga rẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, gbogbo ìgbà tí ojú mi bá sì ti kàn án ni inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tó ti kó wá sọ́dọ̀ wa ni mo ti ń kí i láràárọ̀, tí kì í dáhùn. Màá jáde láti ilé ìdáná, màá dúró lẹ́nu ọ̀nà, màá ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Bàbá á máa wo iwájú, bíi pé afẹ́fẹ́ ló fẹ́ kọjá. Ó kọ etí ikún sí mi pátápátá. Bẹ́ẹ̀ bí ọkọ mi bá dé lálẹ́, tó wọ́ àpótí wá sí ẹ̀gbẹ́ fáànù, tó jókòó tì í, àwọn méjèèjì á máa sọ̀rọ̀, wọn á máa rẹ́rìn-ín, èmi á sì wà nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀.

Ó dùn mí. Ẹni tí a kí tí kò dáhùn, ohun tó ń sọ ni pé a kò jọ òun lójú. Mo fara dà á títí, ó sú mi, mo bá sọ fún ọkọ mi pé kó mú bàbá rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé yàrá kan ṣoṣo ni obìnrin náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń há mọ́ra wọn sí. Ọkọ mi bẹ̀ mí. Ó ní òun ti ra ẹ̀rọ tó máa jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n dùn ún wò fún Bàbá, bóyá ara rẹ̀ á yá mọ́ èèyàn. "Jẹ́ kí wọ́n so ó ná," ó ní. "Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ òní, ohun tó o bá sọ la máa ṣe." Èmi sì ti mọ ohun tí màá sọ.

Oníwáyà gbé gbohùngbohùn kan sí apá òsì Bàbá, nítòsí fáànù, ó gbé ìkejì sí apá ọ̀tún, níhà ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó fa wáyà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó sì mú fíláàṣì kan jáde nínú àpò rẹ̀.

"Tèmi ni mo fi máa ń dán an wò," ó ní, ojú rẹ̀ sì ń dán. "Èmi àti ìyàwó mi la sọ̀rọ̀ sínú ẹ̀. Ohùn mi á jáde lápá òsì, tiẹ̀ á jáde lápá ọ̀tún. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ àwa méjèèjì, iṣẹ́ parí nìyẹn."

Ó fi í sínú ẹ̀rọ náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ohùn rẹ̀ jáde láti òsì: "Kọ́kọ́rọ́ mi dà?"

Obìnrin kan dáhùn láti ọ̀tún: "Ó wà nínú àpò ṣòkòtò ẹ."

"Ṣòkòtò wo?"

"Èyí tó wà nídìí ẹ!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ojú ro, ó sì yíjú sí oníwáyà.

"Kí ló dé tí ìyàwó ẹ ò dá ẹ lóhùn?"

"Ó dá mi lóhùn, Bàbá."

"Kò dá ẹ lóhùn. O bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ nǹkan kan." Ó mi orí. "Ìyàwó ayé òde òní! Wọn ò ní kíni, wọn ò sì ní dáni lóhùn."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo mọ ẹni tí wọ́n ń pa òwe mọ́. Èmi tí mò ń kí ògiri láràárọ̀, èmi ni wọ́n tún ń sọ pé n kì í kíni! Èsì ti dé orí ahọ́n mi, mo rọra gbé e mì nítorí àlejò. Mo sọ lọ́kàn mi pé ó di alẹ́.

Oníwáyà lọ gbé etí lé gbohùngbohùn apá ọ̀tún. Ó ń sọ̀rọ̀ geerege. Ó fi ọwọ́ ha orí.

"Àbí mo ti gbé ọ̀tún sí òsì ni?"

"Ọ̀tún ta ni?" mo bi í. N kò lè pa á mọ́ra. "Ṣé ọ̀tún tẹlifíṣọ̀n ni, àbí ọ̀tún ẹni tó ń wò ó? Torí pé tẹlifíṣọ̀n kọjú sí wa. Ọ̀tún tiẹ̀, òsì tiwa ni."

Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì, ó kọ̀yìn sí ògiri, ó tún yí padà.

"Mà, ohun tí mo mọ̀ kẹ́ ẹ tó béèrè, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́ báyìí."

Ó tún na ọwọ́ sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, ó fi pupa sí ipò funfun, ó fi funfun sí ipò pupa, ó ní ká tún gbọ́ ọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òun ló ń sọ̀rọ̀ láti ọ̀tún, ìyàwó rẹ̀ ń dáhùn láti òsì, nítòsí fáànù. Ojú Bàbá là.

"Ẹn-ẹ́n! Obìnrin náà ti fọhùn. Ó ní ó wà nínú àpò ṣòkòtò." Ó tún fa ojú ro. "Ṣùgbọ́n kí ló wà níbẹ̀? Ta ló ń bá sọ̀rọ̀? Ìwọ alára ńkọ́, ibo lo wọlẹ̀ sí?"

Oníwáyà wò mí, èmi náà wò ó. Ohùn méjèèjì ni mo gbọ́, òun náà sì gbọ́ méjèèjì. Ó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú gbogbo wáyà palẹ̀ kó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ dá a dúró. Ara mi ti ń ṣe mí bó ṣe máa ń ṣe mí tí mo bá gbọ́ tí nǹkan ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Lákọ̀ọ́kọ́, obìnrin ló sọnù. Lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin ló sọnù. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀rọ̀ ti ń sọnù kò yí padà.

Mo ní kó pa ẹ̀rọ náà. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ibi tí mo máa ń dúró sí láràárọ̀, ní apá ọ̀tún Bàbá.

"Bàbá," mo ní.

Bàbá ń wo iwájú. Fáànù ń kùn létí rẹ̀ òsì.

"Bàbá." Oníwáyà yíjú sí mi. Bàbá kò yíjú.

Mo gba ẹ̀yìn àga kọjá sí apá òsì, mo pa fáànù, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rẹ ohùn sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Bàbá."

"Hẹn?" Ó yíjú sí mi wàrà. "Kí ló dé?"

Gbogbo ohun tí mo ti tò sílẹ̀ tí màá sọ lálẹ́ kò wúlò mọ́. Mo bá kí i.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Káàárọ̀ kẹ̀? Lọ́sàn-án gangan?"

"Ti àárọ̀ yìí ni. Mo kí yín lẹ́nu ọ̀nà ọ̀hún, ẹ ò gbọ́. Ti àná náà ṣì wà níbẹ̀. Mo ti ń kí yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti dé."

Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó rọra fi ọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀.

"Láti ọ̀hún yẹn?"

"Láti ọ̀hún yẹn."

"Etí yìí ti ń dí, ó ti pẹ́," ó ní. "Mo rò pé omi ló wọ̀ ọ́."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

"Kí n sọ pé kí ni? Kẹ́ ẹ lè máa pariwo mọ́ mi bí adití?" Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ìyàwó mi, èmi rò pé o ò fẹ́ mi nílé ẹ ni. Mò ń dúró kó o kí mi. Ẹnu àgbà kọ́ ló yẹ kí ìkíni ti kọ́kọ́ jáde, mo bá ń wo iwájú. Mo ti sọ fún ọkọ ẹ pé kó mú mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò ẹ̀. Mo ti di ẹrù mi."

Ojú tì mí, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú ọkọ mi sì tún ń bí mi. Ó gbọ́ tẹnu èmi, ó gbọ́ tẹnu bàbá rẹ̀, kò sọ ti ẹnì kan fún ẹnì kejì. Ó lọ ra ẹ̀rọ ni!

Oníwáyà wúkọ́ díẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí lè da ohùn méjèèjì pọ̀," ó ní, "kí gbohùngbohùn kọ̀ọ̀kan máa sọ tọkọ, kó máa sọ tìyàwó." Ó yí i síbẹ̀, ó tún tẹ fíláàṣì rẹ̀. Nígbà tó kan ṣòkòtò tó wà nídìí rẹ̀, Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kó tún un tẹ̀.

Lẹ́yìn náà, èmi àti oníwáyà gbé àga Bàbá kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, a fi apá ọ̀tún rẹ̀ ti ògiri, kó lè jẹ́ pé etí òsì ni ẹni tó bá ń jáde máa kọ́kọ́ bá pàdé. Oníwáyà yí tẹlifíṣọ̀n lórí apá irin rẹ̀ títí ó fi dojú kọ ọ́. Bàbá ní òun fẹ́ wọ yàrá lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo gbọ́ tó ń ṣí àpótí aṣọ, mo sì jẹ́ kó dá wà.

Ilẹ̀ ti ṣú díẹ̀ kí ọkọ mi tó dé. "Ẹ kú ilé o," ó ní láti ẹnu ọ̀nà, Bàbá sì ti dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. Ọkọ mi wo ibi tí àga wà tẹ́lẹ̀, ó wo ojú ẹsẹ̀ àga náà lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó wá bá mi nílé ìdáná.

"Ṣé ẹ̀rọ yẹn ò ṣiṣẹ́ ni?"

"Ó ń ṣiṣẹ́," mo ní. "Àga Bàbá la ò gbé síbi tó yẹ."

Kò yé e. Ó sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹlòmíì má bàa gbọ́. "Ọ̀rọ̀ tá a sọ yẹn ńkọ́? Kí lèsì ẹ?"

Bàbá dá a lóhùn láti orí àga rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Mo ti tú ẹrù mi."