Okùn Tí Kò Já

Baba Lassissi na okùn náà sí Issa. "Fà á."

Issa wé e mọ́ ọwọ́ méjèèjì, ó fà á. Ó tún fà á, ó fi ẹsẹ̀ ti àpáta, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Nígbà tó tú ọwọ́ rẹ̀, okùn náà ti wọ inú àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń yọ lójú ibẹ̀.

"Kò já, Baba."

"Gbé e fún ẹni tó kàn."

Bẹ́ẹ̀ ni okùn náà ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn apẹja tó jókòó sétí adágún, lẹ́yìn òkè àpáta Ṣábẹ, lọ́nà Ofè. Kò gùn ju apá méjì lọ. Ìwọ̀ kan ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Issa fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀bẹ gé e kúrò lára Oyèlékè ní ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jáde nínú ibú. Àwọn jàndáámù, ọlọ́pàá ìjọba, ti wá láti ìlú, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé omi ló gbé e lọ, wọ́n sì ti padà síbi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé Oyèlékè kì í ṣe ẹni tí omi ń gbé lọ.

Fọlákẹ́, ìyàwó rẹ̀, jókòó sórí òkúta kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi aṣọ dúdú borí.

Okùn náà dé ọwọ́ Célestin. Kò fà á. Ó kàn fi àtàǹpàkò pa kókó tó so ìwọ̀ mọ́ okùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó wé e, kí a tó yí i padà sínú ara rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ ní Ìpóbẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn lórí adágún yẹn tó ń ta kókó báyìí.

"Akọ̀wé, ìwọ ò ní í fà á ni?" Issa bi í.

"Mo mọ̀ pé kò ní í já. Okùn mi ni."

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ọkùnrin kan tutọ́ sílẹ̀. Issa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ mẹ́rin gbáko kí akọ̀wé tó dá iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀. Ẹ sì ní wọ́n kàwé."

"Dákẹ́, Issa," Baba Lassissi wí. Òun ni olórí wọn, ojú rẹ̀ kan ti fọ́, ohùn rẹ̀ kì í sì í lọ sókè. "Célestin, a ti mọ̀ pé tìrẹ ni. Kì í ṣe ìyẹn la torí rẹ̀ pè yín jọ. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èyí: ta ló bá ọ fà á?"

Òfin adágún náà ti pẹ́ ju Baba Lassissi lọ. Ẹni tó bá ṣe okùn tuntun, kó tó tẹ́ ẹ sínú omi, yóò gbé e fún apẹja mìíràn pé kó fà á. Bí ọwọ́ ènìyàn kò bá lè já a, okùn náà kò gbọdọ̀ wọ omi. Ìdí rẹ̀ ni pé inú omi kan náà ni gbogbo wọn ń mòòkùn sí láti lọ gbé ìgèrè tí wọ́n fi ń mú ẹja nísàlẹ̀, láàárín àwọn ìwọ̀ tó so mọ́ okùn ara wọn. Bí ìwọ̀ bá kọ́ ènìyàn, kò tó nǹkan. Yóò fà á, òwú tí wọ́n fi ṣe okùn náà yóò já, yóò lọ sílé lọ yọ ìwọ̀ náà lára, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nítorí pé olókùn kì í fẹ́ kí okùn rẹ̀ já, ọrùn ẹni tó fà á ni wọ́n ń gbé ẹ̀bi kọ́. Bí okùn tí kò já bá wọ omi, ọkọ̀ ẹni tó fà á ni yóò jáde kúrò nínú omi. Wọ́n á dojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí àpáta títí oòrùn yóò fi là á. Bí kò bá sí ẹni tó fà á, ọkọ̀ olókùn ni.

Célestin gbé ojú sókè. Ọkọ̀ méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí koríko ti pin. Tirẹ̀ kéré, ó ti gbó nígbà tó rà á. Èkejì jẹ́ ti Oyèlékè, igi ọ̀gánwó kan ṣoṣo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ni Oyèlékè fi gbẹ́ ẹ. Àbúrò Fọlákẹ́ ti ń bọ̀ láti Adido, òun ni yóò máa tù ú, kí obìnrin náà àti àwọn ọmọ mẹ́ta lè rí nǹkan jẹ.

Ọdún tí wọ́n sọ àsíá Faransé kalẹ̀ tí wọ́n fa tiwa sókè ni wọ́n gbé Célestin wá sí Ṣábẹ láti máa ṣe akọ̀wé ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ọdún yẹn náà ni Brigitte ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìbí, tòun tọmọ. Lẹ́yìn ìsìnkú, ibi iṣẹ́ nìkan ló ń lọ, yóò sì padà wá jókòó sínú yàrá. Oyèlékè máa ń kó iṣu wá fi ọkọ̀ ojú irin ránṣẹ́ sí Kútọnu, ibẹ̀ ni wọ́n ti mọra. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ó wá kan ilẹ̀kùn. "Akọ̀wé, dìde. Má jókòó sínú òkùnkùn yìí mọ́. Wá kí o wá wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹja ṣòfò." Láti ọjọ́ yẹn ni Célestin ti di apẹja. Ilé Oyèlékè ló ti ń jẹun alẹ́, ọwọ́ Fọlákẹ́ ló ti ń gba àwo.

Ẹja àrọ̀ ńlá kan wà nínú ibú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbé ìwọ̀ Célestin, ẹ̀ẹ̀mẹta ló já òwú lọ. Issa wá sọ Célestin lórúkọ: Abọ́ja-níwọ̀ọ̀. Bí Célestin bá ti ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ pẹ̀lú fìlà iṣẹ́ lórí, wọ́n á ní, "Abọ́ja-níwọ̀ọ̀, ṣé àwọn ẹja ti jẹun lónìí?" Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ó ní kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń bá ọkọ̀ ojú irin rìn ra okùn tuntun bọ̀ fún òun láti Kútọnu, èyí tí wọ́n ń pè ní náílọ́ọ̀nù. Ó sè é nínú omi èèpo igi ìrá, bí wọ́n ṣe ń ṣe òwú kó lè dúdú, ṣùgbọ́n kò gba àwọ̀ rárá. Ó wá fi ẹrẹ̀ pa á. Ó gbé e fún Oyèlékè.

Oyèlékè fà á títí. "Akọ̀wé, èyí ò já."

"Ohun tó dára nínú ẹ̀ nìyẹn."

"Kò dára. Kò ní í wọ omi." Ó ká a, ó dá a padà. Ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ó kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà Célestin sọ gbólóhùn kan fún un. Oyèlékè wo omi fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Mo ti fà á."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Oyèlékè mòòkùn lọ sísàlẹ̀ láti lọ gbé ìgèrè rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ bó ti máa ń ṣe. Ó mọ̀ pé okùn náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti kékeré ni ara rẹ̀ ti mọ́ òwú tó ń já.

"Célestin," Baba Lassissi tún pè é. "Mo bi ọ́ ní nǹkan."

"Kò sí ẹni tó fà á, Baba."

"Irọ́ ni," Issa wí. "Gbogbo okùn tí ọkùnrin yìí tẹ́ láti ọjọ́ tó ti débí, Oyèlékè ló ń bá a fà á."

"Kì í ṣe èyí."

"Wò mí lójú," Baba Lassissi wí. Ó fi ojú rẹ̀ kan ṣoṣo tó ríran tẹjú mọ́ ọn. "Oyèlékè ò fa okùn yìí?"

"Kò rí i, Baba. Mo tẹ́ ẹ sínú omi nígbà tí kò sí níbẹ̀."

Fọlákẹ́ gbórí sókè, ó wò ó, ó tún sorí kọ́.

Lẹ́yìn náà àwọn ọkùnrin mẹ́fà dìde, wọ́n lọ síbi ọkọ̀ Célestin. Wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n wọ́ ọ gun orí àpáta, wọ́n sì dojú rẹ̀ bolẹ̀. Oòrùn ti mú. Omi tó wà lára ìdí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lójú wọn.

Bí Issa ṣe ń kọjá, ó dúró níwájú rẹ̀. "Padà sídìí ìwé ọkọ̀ tí ò ń gé. Ọkùnrin yẹn mú ọ jáde nínú ilé bí ọmọ aláìsàn. Wo ohun tí o fi san án."



"Ó ku nǹkan kan," Baba Lassissi wí. "Ìyókù okùn yẹn ṣì wà nínú ibú. Célestin, ìwọ ni yóò lọ kó o jáde. Ta ni yóò yá a lọ́kọ̀?"

Wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo omi.

"Kó wọ ti ọkọ mi," Fọlákẹ́ wí. "Èmi ni màá tù ú."

"Ìyàwó, inú ọ̀fọ̀ lo wà. Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kì í tukọ̀ níbí."

"Mo mọ̀, Baba. Ẹ má bínú. Mo fẹ́ rí ibi tó kú sí."

Baba Lassissi yí ojú kúrò. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá.

Fọlákẹ́ mọ ọ̀pá lò ju bí Célestin ṣe rò lọ. Ó dúró sí ìdí ọkọ̀, ó ń fi ọ̀pá ti ilẹ̀ omi díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ń lọ títí wọ́n fi dé ibi tí àwọn agbè kéékèèké tó gbé okùn náà dúró ti léfòó. Célestin kúnlẹ̀, ó gbá àkọ́kọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn náà wọnú ọkọ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé àwọn ìwọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀.

"Ó sọ fún mi," Fọlákẹ́ wí lẹ́yìn rẹ̀.

Ọwọ́ Célestin dúró.

"Alẹ́ ọjọ́ tó fà á náà ló sọ fún mi. Mo rí àpá lọ́wọ́ rẹ̀, mo bi í. Ó ní òun ti ṣe ohun tí kò dára nítorí ọ̀rẹ́ òun."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ níwájú wọn?"

"Kí n sọ ọ́ kí wọ́n wá gbé ọkọ̀ yìí sóòrùn? Ọmọ mẹ́ta ni mo ní." Ó ti ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ṣùgbọ́n má rò pé o ṣe mí lóore."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, Fọlákẹ́ kò fi ìwọ bá a sọ̀rọ̀ rí. Célestin gbọ́ ọ, ó gbà pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

"Mi ò rò bẹ́ẹ̀."

"Ó ní òun kọ̀ fún ọ."

"Ó kọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́? Kí lo sọ fún un? Ìyẹn nìkan ni kò sọ fún mi. Mo bi í, ó ní kí n fi í sílẹ̀."

Célestin ń wo okùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Omi ń kán lára rẹ̀, ó mọ́ kedere bí ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ rà á. Gbogbo ẹrẹ̀ tó fi pa á ti wẹ̀ kúrò.

"Mo ní láti ọjọ́ tí Brigitte ti kú, mi ò tíì fẹ́ nǹkan kan láyé mi. Mo ní ẹja yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ tí mo fẹ́."

Ọkọ̀ yí díẹ̀ nítorí pé Fọlákẹ́ kò fi ọ̀pá dá a dúró mọ́. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Òótọ́ ni?"

"Nígbà tí mo sọ ọ́, mo rò pé òótọ́ ni. Mo tún mọ̀ pé kò ní í lè kọ̀ ọ́."

"O fi òkú ìyàwó rẹ bẹ̀ ẹ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́," Fọlákẹ́ wí. "Brigitte. Èmi ni mo wẹ òun àti ọmọ náà, nígbà tí àwọn ènìyàn yín kò tíì dé láti Ìpóbẹ̀."

"Mo mọ̀."

"Máa fà á."

Ó ń fà á. Ó dé ibi tí Issa ti gé e, ó so ojú rẹ̀ méjèèjì mọ́ra kó má baà sọnù, ó ń fà á lọ. Ó kù díẹ̀ kó tán nígbà tí okùn náà wúwo lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò pé igi ló kọ́. Lẹ́yìn náà nǹkan náà fà padà, ó lọ sápá òsì, ó lọ sápá ọ̀tún. Orí dúdú kan yọ, ó fẹ̀ tó ojú ọkọ́, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn bí ìka. Ìwọ̀ mẹ́ta ti dípẹtà lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó ti gbé já lọ rí, ìkẹrin sì jẹ́ tuntun.

Célestin wò ó. Ẹja náà ń mí sókè sódò, kò jà mọ́, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó mú ọ̀bẹ, ó fi í sí ara okùn.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Kó máa lọ. Mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

"Ta ló bi ọ́ ohun tí o fẹ́?" Fọlákẹ́ wí. "Fi í sínú ọkọ̀."

"Ìyàwó wa."

"Mo ní kí o fi í sínú ọkọ̀. Àwọn ọmọ kò tíì fi ẹja kan ẹnu láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti kú. Ọkọ̀ wọn ni, ẹja wọn ni."

Célestin fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú omi, ó gbá ẹja náà mú lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gbé e wọlé. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ́dún méjì. Ó ṣubú sáàárín ẹsẹ̀ wọn, ó ń fi ìrù lu igi ọ̀gánwó náà.

Fọlákẹ́ kò wò ó. Ó fi ọ̀pá ti ilẹ̀ omi, ó yí orí ọkọ̀ sí èbúté.