Ìwàásù Ajíbádé Lórí Ìmọ́lẹ̀

"Tíṣà, ṣé òótọ́ ni pé ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá ṣeé yí padà?"

Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ní Ẹ̀dá-Oníyọ̀ ni Màmá Fẹ́mi ti dá Ajíbádé dúró. Àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ nítorí ọ̀rọ̀ tó bá ìjọ sọ. Fíṣíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkọ̀lé. Ó ti ṣàlàyé pé bí a bá rán hóró ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan gba ojú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, wọn a fi ìlà dúdú àti funfun sára ògiri. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì sí wọn tí yóò jẹ́ ká mọ ihò tí hóró kọ̀ọ̀kan gbà, ìlà a pòórá. Bí a bá pa àmì náà rẹ́, ìlà a tún hàn. Ibẹ̀ ló yẹ kó dúró sí. Ṣùgbọ́n pàtẹ́wọ́ ti dùn mọ́ ọn, ló bá gbóhùn sókè: "Kódà lẹ́yìn tí ìmọ́lẹ̀ ti kan ògiri! Àná gan-an ṣeé parẹ́!"

"Sáyẹ́ǹsì ni, Mà," ó dáhùn. Kò lè wò ó lójú.

"Kí ni kí n ṣe kó lè rí bẹ́ẹ̀ fún mi? Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo sọ sí Fẹ́mi kó tó gun ọ̀kadà jáde."

Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọkọ̀ gbá Fẹ́mi lójú ọ̀nà Ìdó lọ́jọ́ náà, kò sì padà wálé. Ìtìjú bo Ajíbádé. Ó ní òun ń bọ̀ wá kí i, ó sì yára wọ ọkọ̀ Ìkọ̀lé.

Nígbà tó di Sátidé, ó padà lọ bá obìnrin náà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà níwájú ilé.

"Mà, irọ́ ni mo pa."

"Irọ́ kẹ̀? Ìmọ́lẹ̀ ò ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Ó ń ṣe nǹkan ìyanu, àmọ́ kò yí àná padà. Ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan bà lára ògiri, ibẹ̀ náà ló wà títí. Àmọ́ hóró kọ̀ọ̀kan ní ìkejì tó gba ibòmíràn lọ, ohun tí a bá rí lára ìkejì yẹn la fi ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀." Ó nawọ́ sí àtẹ. "Bí ẹ ṣe ń ṣa ẹ̀wà yìí. Tí a bá ṣà wọ́n, ìlà a hàn. Tí a bá dà wọ́n pọ̀, ìlà ò sí. Kò sí ìkankan tó kúrò láyè rẹ̀."

"Ọ̀rọ̀ mi ṣì wà níbi tí mo sọ ọ́ sí nìyẹn."

"Ó wà níbẹ̀, Mà."

"Ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀?"

"Mo mọ̀. Pàtẹ́wọ́ ló gùn mí."

Ì bá tẹ́ Ajíbádé lọ́rùn kó bú òun. Ṣùgbọ́n obìnrin náà ti àpótí kan sí i.

"Ẹ jókòó. Mo sọ fún un pé kó má padà sínú ilé yìí mọ́. N kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ajíbádé jókòó. Kò dìde títí obìnrin náà fi sunkún tán. Lẹ́yìn náà ló pe àlùfáà lórí fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi láyè díẹ̀ níwájú ìjọ lọ́la. Mo fẹ́ kó ọ̀rọ̀ mi jẹ."