Orúkọ Ìdílé La Kọ́kọ́ Ń Gbẹ́

Ìwọ tó ń ka ìtàn yìí, dúró ná. Bí ìyá rẹ bá ṣì wà láyé, má tutọ́ sínú ìgò ẹnikẹ́ni láìkọ́kọ́ bi í léèrè. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ kì í ṣeé kó. Wọn ò sọ fún wa pé ẹyin nitọ́ náà.

Bàbá Olókùúta ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀: ó ń gbẹ́ orúkọ òkú sára òkúta sàréè. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, kò gbé òkúta sàréè bàbá náà fún ẹlòmíì gbẹ́. Bàbá yẹn ló kọ́ ọ níṣẹ́, òun ló sì kọ́ ọ pé orúkọ ìdílé la kọ́kọ́ ń gbẹ́. Á ní, "Àwọn ọmọ lè jà lórí ọdún tí wọ́n bí òkú. Kò sẹ́ni tí í jà lórí orúkọ ìdílé." Nítorí náà, orúkọ ìdílé ló kọ́kọ́ gbẹ́, ó gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, ó fi ìyókù sílẹ̀.

Àbúrò bàbá rẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Kékeré, ló ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ àwọn baba ńlá sẹ́yìn òkúta. Ta ló wá mọ̀ wọ́n? Àwọn méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ń kó ìwé ìbí pa mọ́ sí. Akọ̀wé ibẹ̀ tú ìwé títí eruku fi mú un sín. Ó rí orúkọ bàbá àgbà. Ìwé ìṣáájú ìyẹn ti jẹrà.

Ó ní, "Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ yín pọ̀ o. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò DNA, kí wọ́n fi itọ́ yín wé tiwọn."

Bàbá Kékeré rẹ́rìn-ín. "Itọ́ lásán? Ohun tí mo ní jù láyé nìyẹn."

Wọ́n tutọ́.

Inú ṣọ́ọ̀bù òkúta ni èsì bá wọn. Bàbá Kékeré gbé fóònù rẹ̀ sílẹ̀ fún un. "Kà á fún mi, ojú mi ti di ti àgbà."

Bàbá Olókùúta kà á, ó tún un kà. Bàbá Kékeré bá ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jẹ́ orúkọ náà tan. Òun ò bá ẹnì kankan nínú wọn tan. Kò bá Bàbá Kékeré pàápàá tan.

Bàbá Kékeré ní, "Ẹ̀rọ yẹn ti mutí." Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré bọ́ fìlà, ó gbọn eruku tí kò sí lára rẹ̀. "Ìyá kan, bàbá kan ló bí èmi àti bàbá ẹ. Ọmọ wa ni ẹ́ o. Ṣùgbọ́n gbé irin tó o fi ń gbẹ́ òkúta yẹn sílẹ̀ ná. Lọ bá ìyá ẹ."

Ó bá ìyá rẹ̀ ní yàrá níbi tó ti ń ká aṣọ tí bàbá fi sílẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá yá nǹkan.

"Màámi, ta ni bàbá mi?"

"Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Bàbá ni."

"O ti dá ara ẹ lóhùn."

"Orúkọ onítọ̀hún nìkan ni mo fẹ́, Màámi. Ẹ̀yin nìkan lẹ kù tó mọ̀ ọ́n."

Ìyá ká ṣòkòtò kan, ó tú u, ó tún un ká. "Bàbá ẹ mọ̀. Ó ti mọ̀ kí n tó bí ẹ."

Àṣé ẹni tó mọ̀ ló ń sọ fún un pé kò sẹ́ni tí í jà lórí orúkọ ìdílé. Òkúta ò sì ní rọ́bà ìparẹ́. Bó bá fẹ́ pa orúkọ yẹn rẹ́, gbogbo ojú òkúta ni yóò lọ̀ dànù. Kí ni yóò wá gbẹ́ dípò rẹ̀?

"Ṣé onítọ̀hún ṣì wà láyé?"

"Mo búra fún bàbá ẹ pé n ò ní dárúkọ ẹ̀. Òun nìkan ló lè tú mi sílẹ̀, ó sì ti wà nínú ilẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá kọjú sí ògiri. "Pa ilẹ̀kùn dé bó o bá ń jáde. Mi ò sọ̀rọ̀ mọ́."