Àtẹ Oògùn Tí Akọ̀wé Fi Àlàfo Tò

Ní gbogbo ilé ìtẹ̀wé náà, ìyàwó ilé nìkan ló mọ bí a ṣe ń to ojú ìwé, àbúrò ọkọ rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀gá.

Ogún ọdún ni ìyàwó yìí ti fi jókòó sí igun kan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, níbi tí òórùn tàdáwà ti máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé láti yàrá ẹ̀rọ, tí ilẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ̀rọ bá ti gbéra. Baba ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́, látorí lẹ́tà onírin títí dé orí kọ̀ǹpútà. Nígbà tí baba kú, ẹbí kó kọ́kọ́rọ́ lé àbúrò ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kọ́ iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, tó gba ìwé ẹ̀rí, tó sì gbé e kọ́ sára ògiri lókè orí ara rẹ̀.

Ọmọdé ni àbúrò ọkọ yìí nígbà tí ìyàwó wọlé, ṣùgbọ́n ó bá a nílé ọkọ, kò sì lè pe orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé ló sọ ọ́, torí pé gbogbo ara ògiri ló máa ń fi èédú kọ nǹkan sí. Ó ṣì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ó ń pè é ní ọkọ mi, ó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, bó bá sì ti kẹ̀yìn báyìí, á yínmú débi pé imú á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí.

Ta ni kò ní yínmú? Bí Akọ̀wé bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ sún sí apá ọ̀tún, bọ́tìnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ tó ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀ ló máa tẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á tún tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń pa iná orí. Bọ́tìnì táàbù, tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ tààrà síbi tí a bá fi àmì sí, wà níbẹ̀ tó ń wò ó. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ojú ewé tuntun, yóò gbá bọ́tìnì ìsọ̀kalẹ̀ ní ìgbà mẹ́tàdínlógún. Bó bá sì ń gbé iṣẹ́ lọ sí yàrá ẹ̀rọ, fáìlì nìkan ló máa kó sórí fúláàṣì. Àwòrán kò bá a lọ, fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí a fi kọ ọ̀rọ̀, kò bá a lọ, bí ẹni tó ru àpótí ìyàwó délé ọkọ tí kò mú ìyàwó dání.

Tẹ́lẹ̀, ìyàwó máa ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, á máa tún gbogbo rẹ̀ ṣe láìfọhùn. Àfi ọjọ́ tí Akọ̀wé sọ lójú oníbàárà pé ìyàwó àwọn ń gbìyànjú o, ṣùgbọ́n ọwọ́ ayé àtijọ́ ni ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó ti pinnu pé òun kò ní nu itọ́ ẹnu rẹ̀ fún un mọ́.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì kan fi gbé iṣẹ́ wá: ìwé pélébé tó ń sọ ìwọ̀n oògùn ọmọdé, tí wọn yóò pín káàkiri àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké. Akọ̀wé to àtẹ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìwúwo ọmọ wà lókè: kílò márùn-ún, mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, ìwọ̀n oògùn wà nísàlẹ̀ wọn. Lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó gún régé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì fẹ́ wá wo iṣẹ́, ẹ̀rọ ti ń ké. Ìyàwó wọ yàrá ẹ̀rọ lọ wá bébà tó ti bàjẹ́ tí yóò fi nu tábìlì. Èyí tó mú lọ́wọ́ ló tẹjú mọ́. Kọ̀ǹpútà yàrá ẹ̀rọ kò ní fọ́ǹtì tí Akọ̀wé fi kọ àwọn nọ́ńbà, ó ti fi èyí tó tín-ín-rín rọ́pò rẹ̀, àwọn àlàfo náà sì ti súnkì. Àkọlé òkè dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà ti fà sí apá òsì. Èkíní lọ lẹ̀ mọ́ orúkọ oògùn, èkejì sì wá dúró sábẹ́ kílò márùn-ún. Oògùn ọmọ kílò mẹ́wàá ni wọ́n ní kí wọ́n fún ọmọ kílò márùn-ún.

Inú rẹ̀ dùn. Ká má purọ́, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ti ń rí ojú Akọ̀wé lọ́jọ́ tí àṣírí máa tú. Ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ kò kúrò lórí kílò márùn-ún yẹn: ọmọ tí kò tíì lè jókòó. A kì í torí pé a ń bínú orí ká fi fìlà dé ìbàdí.

Ó ní kí baba tó ń darí ẹ̀rọ dá a dúró. Baba ní òun kò gbọ́dọ̀, ọ̀gá ti kìlọ̀ fún òun kí òun má gba àṣẹ ẹlòmíràn.

Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Akọ̀wé, nọ́ọ̀sì ti wà níbẹ̀, Akọ̀wé ń ṣàlàyé ìwé ẹ̀rí ara ògiri fún un. Ìyàwó rọra sọ ọ̀rọ̀ náà fún Akọ̀wé létí. Akọ̀wé nawọ́ sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

“Ìyàwó, wá wò ó. Ṣé kò gún ni?”

Ìyàwó tẹ bọ́tìnì tó ń fi àmì ìkọ̀kọ̀ hàn. Lójú ẹsẹ̀, tótòtó dúdú kún ojú ìwé bí ìgbẹ́ aáyán nínú àpótí aṣọ, àmì àlàfo kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí Akọ̀wé tẹ bọ́tìnì gbọọrọ. Akọ̀wé wò ó, ó ní fáírọ́ọ̀sì nìyẹn.

Ẹ̀rọ ń ké lọ lódìkejì ògiri. Ìyàwó mọ Akọ̀wé látìgbà tó ti wà lọ́mọdé: bí a bá dójú tì í lójú àlejò, òkúta ló máa dà. Ó fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀.

“Ọkọ mi, ohun tí ẹ rán mi lọ wò, bí ẹ ṣe wí náà ló rí. Nọ́ńbà ti ṣípò lọ́hùn-ún, oògùn ọmọ ńlá ti bọ́ sábẹ́ ọmọ kékeré. Wọ́n ń retí kí ẹ ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró.”

Akọ̀wé ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá dìde.

“Mo ti ń fura láti àná,” ló wí, ó sì jáde lọ pàṣẹ. Ẹ̀rọ dákẹ́. Nígbà tó padà dé, ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé ojú àṣá ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́.

Nọ́ọ̀sì ti gba bébà náà lọ́wọ́ ìyàwó. Ó fi ìka tọ ìlà àkọ́kọ́, ó sì tún un kà.

Ìyàwó jókòó sí àga ọ̀gá. Ó gbá gbogbo àlàfo dànù, ó fi àmì táàbù mẹ́rin sí i, nọ́ńbà kan, táàbù kan, ó sì sọ fáìlì di pídíẹ́fù tí fọ́ǹtì wà nínú rẹ̀ pinpin, tí ẹ̀rọ kankan kò fi ní lè pààrọ̀ rẹ̀. Akọ̀wé dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ní kó fi àlàfo díẹ̀ kún un níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń dáhùn pé ó dáa, ọkọ mi. Kò fi ẹyọ kan sí i.

Wọ́n tẹ ẹyọ kan jáde fún àyẹ̀wò. Akọ̀wé na ọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ti wọ́ àga rẹ̀ sún mọ́ ìyàwó, ó ti tẹ́ ìwé tí òun fọwọ́ kọ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Ó ní kí ìyàwó máa pe ti inú ìwé tuntun, kí òun máa fi wé ti òun. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà kan tẹ̀lé òmíràn. Akọ̀wé tún ní òun fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan nípa fọ́ǹtì.

Nọ́ọ̀sì kò gbójú sókè. “Ẹ dákẹ́ ná, ọ̀gá. A ń ka ti kílò márùn-ún lọ́wọ́.”