Písà Tí Kò Gbọdọ̀ Wú

Ọ̀sán Sátidé ni Mosúnmọ́lá lá àlá tí mo fẹ́ sọ yìí, lórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìkàrẹ́, pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní gbogbo apá. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó fún wa, kò sì rẹ́rìn-ín rárá nígbà tó ń rò ó.

Tẹniọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló fa gbogbo rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ara rẹ̀ kì í gba ìwúkàrà, èyí tí àwọn alábúrẹ́dì ń pè ní yíìsì. Bó bá ti fẹnu kan búrẹ́dì báyìí, ikùn rẹ̀ á wú, ara á sì máa yún un títí ilẹ̀ á fi mọ́. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n pè é síbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Písà ni wọ́n fi ṣe àwọn ọmọ lálejò. Tẹniọlá jókòó sáàárín wọn, ó di ike omi mú, ó ń wo ẹnu wọn. Nígbà tó délé, kò sunkún. Ó kàn bi ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, báwo ni písà ṣe máa ń rí lẹ́nu?"

Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí Mosúnmọ́lá gbádùn. Ó wádìí kiri títí ó fi gbọ́ pé èèyàn lè po ìyẹ̀fun písà láìfi yíìsì sí i. Nígbà tí Sátidé dé, ó ku ìyẹ̀fun sínú abọ́, ó bu bekin-páúdà àti iyọ̀ díẹ̀ sí i, ó da yógọ́ọ̀tì lé e, ó ta òróró sí i, ó sì pò ó títí ó fi dán. Ó fi aṣọ tó mọ́ bò ó kó lè sinmi kí òun tó nà án. Òun náà wá jókòó. Ibi tó ti ń rò ó bóyá ọmọ náà á lè jẹ ẹ́ láìsí wàhálà ni oorun ti gbé e lọ.

Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé ìyẹ̀fun náà ká aṣọ kúrò lórí ara rẹ̀, ó jókòó dáadáa nínú abọ́, ó sì kí i.

"Ẹ káàsán, Ìyá Tẹniọlá. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ní wú."

"Mo mọ̀," ni Mosúnmọ́lá dá a lóhùn. "Èmi náà ò fẹ́ kí o wú."

"Ìyẹn dáa. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè wá sí ọ́fíìsì ìjọba. Wọ́n ní gbogbo ìyẹ̀fun tí wọ́n bá pò nílùú yìí gbọ́dọ̀ wú."

Mosúnmọ́lá rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi falẹ̀. Ó wọ bàtà, ó gbé abọ́ náà, ó pe Tẹniọlá, wọ́n sì jáde.

Gbogbo Ìkàrẹ́ ti wú. Àwọn ilé ti kúrò nílẹ̀, wọ́n ń rìn gbéregbére lókè orí àwọn òkè. Ẹni tó bá jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ náà wà lójú òfuurufú, oníkálukú ní ìwọ̀n èyí tó jẹ. Bàbá tó ń tún rédíò ṣe ní òdìkejì ilé wọn ti lọ sókè téńté, torí odindi ló máa ń jẹ. Mosúnmọ́lá kí i, ó sì dá a lóhùn. Àwọn ọmọ tó wá síbi ọjọ́ ìbí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lókè, wọ́n ń pe Tẹniọlá pé kó máa bọ̀.

Tẹniọlá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Mi ò lè wá," ló sọ, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ò dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìgbà yẹn ni Mosúnmọ́lá rántí pé òun náà ti fi búrẹ́dì mu tíì láàárọ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ọmọ má bàa rí i. Bó ṣe rántí báyìí ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Tẹniọlá yára di etí ìró rẹ̀ mú.

"Ẹ rọra, màámi."

Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ṣe ń fa ìyá lọ láàárín ìlú. Mosúnmọ́lá ní kò nira. Ó tiẹ̀ rí ibi tí páànù ilé wọn ti lu, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun á sọ fún ọkọ òun.

Ọ́fíìsì náà ń fì lókè, okùn kan ni wọ́n fi so ó mọ́ igi máńgòrò. Kò sí ẹlòmíì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, nítorí náà Tẹniọlá ló fa okùn náà títí ojú fèrèsé fi dọ́gba pẹ̀lú orí rẹ̀. Ọ̀gá kan jókòó sínú ibẹ̀, ikùn rẹ̀ ti já gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀.

"Ta ló fún ìyẹ̀fun yìí láyè pé kó má wú?"

"Èmi ni, sà. Ọmọ mi ni mo fẹ́ ṣe é fún."

"Ọmọ wo?"

"Èyí tó di ìró mi mú yìí, sà. Ara rẹ̀ ò gba yíìsì."

"Kó máa gbìyànjú," ni ọ̀gá wí. "Ara ń yún èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀."

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ìwo yọ lórí rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn, ó sì di òbúkọ. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe sáàárín ìwo méjèèjì, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Akọ̀wé rẹ̀ náà di ewúrẹ́, ṣùgbọ́n ó kéré sí i, nítorí ipò rẹ̀ ò ga.

"Ọ̀gá," ni ìyẹ̀fun wí láti inú abọ́, "ẹ tọ́ mi wò ná."

Òbúkọ náà tọ́ ọ wò. Ó ń jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀, ọ́fíìsì náà sì sọ̀ kalẹ̀ wọ́ọ́rọ́ títí ó fi kanlẹ̀. Ọ̀gá wo pátákò rẹ̀ lórí ilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ti kan nǹkan gbẹ̀yìn," ló sọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù sí i fún mi."

Ìyẹ̀fun náà wá na ara rẹ̀. Ó gba ojú fèrèsé jáde, ó tẹ́ sójú títì bí ẹní títí ó fi dé ẹsẹ̀ òkè. Àwọn ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó láti jẹun. Tẹniọlá ló ń fi ibi tí wọ́n máa jókòó sí hàn wọ́n. Mosúnmọ́lá nìkan ló kù lókè. Ẹ̀rù ò bà á. Ohun tó kàn dùn ún ni pé písà náà lè tán kí òun tó débẹ̀. Ó pe ọmọ rẹ̀. Tẹniọlá gbójú sókè, ó padà wá di ìró náà mú, ó ń fà á, ó ń fà á.

"Màámi. Màámi, ẹ dìde."

Tẹniọlá ló dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, tó di etí ìró rẹ̀ mú. Mosúnmọ́lá kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó dáhùn.

"Kí ló dé?"

"Mo ṣí aṣọ yẹn. Kò wú. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lọ fọwọ́ rẹ."

Wọ́n jọ nà án pẹlẹbẹ, wọ́n fi tòmátì, àlùbọ́sà àti wàràkàṣì sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé e sínú ààrò. Nígbà tó jinná, Tẹniọlá jẹ ẹyọ kan, ó mú èkejì. Ìyá rẹ̀ ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Ikùn ọmọ náà ló ń wò lábẹ́ aṣọ, títí oòrùn fi ń lọ. Kò wú. Ọmọ náà ò sì họ ara.

"Màámi, kí lẹ ń wò?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ẹ jẹ tiyín, ó ń tutù."

Mosúnmọ́lá bù ú jẹ. Etí písà náà le díẹ̀, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń rò ó fún wa.