Orúkọ Àwọn Àpáta Inú Adágún

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀! Ẹ̀rọ náà tún lọgun. Irja fọwọ́ lé e níwájú orí, bí ẹni ń wò bóyá ara ọmọ ń gbóná.

"Ìyàwó wa, ẹ fi í sílẹ̀ kó mí," ni Tauno, àbúrò ọkọ rẹ̀ olóògbé, wí láti abẹ́ tábìlì.

"Ìwọ tó o gbá a létí lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Àbí kò jí?"

Ó jí lóòótọ́. Lọ́dọ̀ wa níbí, ní àríwá Fínláǹdì, a kì í pa kọ̀ǹpútà ayé DOS àtijọ́ tó ti gbó. Kò dájú pé á tún jí. Ṣùgbọ́n àwọn oníná ti ránṣẹ́ pé àwọn á pa iná lọ́sàn-án gangan òní. Orúkọ gbogbo àpáta inú adágún ló wà nínú ẹ̀rọ yìí. Ẹnu àwọn apẹja ni Irja ti gbà wọ́n, àwọn apẹja náà sì ti kú tán. Ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń gba díìsì lè gbé mì, kò lè bì mọ́. Wáyà nìkan ló kù tí a lè fi kó wọn jáde, ẹ̀rọ náà kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá wáyà sọ̀rọ̀.

Láti àárọ̀ ni Tauno ti ń wá sọ́fítíwìà tí yóò kọ́ ọ káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì. Ojúlé kan ti kú. Èyí tó rí ní òmíràn kò bá káàdì tí wáyà ń wọ̀ nínú ẹ̀rọ mu. Ìgbẹ̀yìn ló rí i lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Ọsirélíà tí kì í da nǹkan nù. Ó kọ ọ́ sórí díìsì, ó sì tì í bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Sọ́fítíwìà ṣí. Wọ́n fi wáyà so ó mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, wọ́n pè é.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Ọ̀sán gangan ń sún mọ́lé.  Kọfí Tauno ti tutù. Ẹ̀rọ tún lọgun, èyí gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.  Irja ti ọwọ́ bọ àpò, ó sì kan kọ́kọ́rọ́ ilé, àti irin roboto tó ń dán lára rẹ̀.

Ìdérí ẹnu wáyà ni. Irú wáyà àtijọ́ yẹn, bí ẹnu rẹ̀ kan bá ṣí sílẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ a máa ta padà, gbogbo rẹ̀ a dàrú. Ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, Irja ti ń gbé e kiri nínú àpò.

"Tauno! Ẹnu wáyà ò ní ìdérí!"

"Ẹ̀gbọ́n mi fi í ṣe ọ̀ṣọ́ kọ́kọ́rọ́?" Ó já a gbà, ó ń lọ́ ọ mọ́ ẹnu wáyà. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n bú òkú."

Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá. Bí èyí tó kẹ́yìn ṣe wọlé, iná lọ. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Láàpútọ́ọ̀pù nìkan ló ń tàn.

"Ó pé! Àpáta Opó. Orí Afọ́jú. Afàwọ̀nya..." Tauno gbójú sókè. "Níbo ni Afàwọ̀nya wà? Ẹ ò kọ ibi tó wà síbẹ̀."

"Ta ni kò mọ ibi tó wà nígbà yẹn?"

Irja sọ ọ́ tán kó tó gbọ́ ohun tó sọ: òun nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Ó wo ojú fèrèsé. Adágún tẹ́ pẹrẹsẹ, kò fi àpáta kankan hàn. Irja rọra fọwọ́ kan iwájú orí ara rẹ̀, bó ṣe fọwọ́ kan ti ẹ̀rọ.

"Tauno, wọ bàtà rẹ," ó wí. "Ọkọ̀ wà létí omi."