Ṣọ́ọ̀kì Ẹ̀yìn

Télọ̀ ní ọkọ̀ kan tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti di irin àlòkù tipẹ́tipẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ ìjókòó rẹ̀, àràárọ̀ ló sì ń nù ún bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Àwọn ará àdúgbò ní ìyàwó kejì rẹ̀ nìyẹn.

Àmọ́ ìyálé ò wọ̀ ọ́ mọ́. Láti ìgbà tó ti yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ni ìbàdí rẹ̀ ò ti gba gìrì, ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà sì ti kú. Bí ọkọ̀ bá já sí kòtò báyìí, ìdí ọkọ̀ á fò sókè, á tún fò. Ìyàwó ní kí ọkọ òun máa dá gbafẹ́ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn dun Télọ̀ wọra. Kí ni èèyàn fẹ́ fi ọkọ̀ dáadáa ṣe, tí ẹni téèyàn tìtorí ẹ̀ rà á bá ń jókòó sílé?

Ló bá ní òun ń lọ pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Bó ṣe ń jáde, ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná.

“Bàbá wọn, ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ rò o.”

“Àmín,” ni Télọ̀ dáhùn. “Ẹ̀yìn wa á dára.”

Mẹkáníìkì gbé oríṣi méjì síwájú rẹ̀. Ọ̀kan le, bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, agbára káká ló fi lọ sílẹ̀. Èkejì rọ̀, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Èyí tó le yìí ló máa pẹ́ jù, Bàbá.”

Télọ̀ rántí ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀. Arúgbó méjì, tí wọn ò bá ro ẹ̀yìn ọ̀la, kí ni wọ́n fẹ́ rò? “Bá mi de èyí tó le,” ló wí, ó sì yangàn délé.

Ìyàwó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó, nítorí ìbàdí rẹ̀ ò ṣeé ká níwájú. Wọn ò tíì kúrò ládùúgbò tí Télọ̀ fi gbọ́ “yéè!” Ó tẹ búrééki.

“Ṣebí mo ní kẹ́ ẹ ro ẹ̀yìn.”

“Mo rò ó. Eléyìí á pẹ́ ju èmi gan-an lọ.”

“Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mò ń wí, Bàbá wọn. Ibi tí mo jókòó sí. Ẹ̀yin wá ń ṣe àmín.”

Télọ̀ wò ó nínú dígí. Ìyàwó ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín. “Télọ̀ gbogbo ayé,” ó ní, “ẹ gé ṣòkòtò láì wọn ẹni tó máa wọ̀ ọ́.” Ojú ti Télọ̀, àmọ́ ẹ̀rín pa òun náà.

Wọ́n yí padà sí ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Nígbà tí wọ́n de èyí tó rọ̀ tán, ìyàwó tún wọlé sẹ́yìn, Télọ̀ sì mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ gba inú kòtò iwájú ṣọ́ọ̀bù. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó yí padà, ó tún gba inú rẹ̀.

“Ṣé ẹ fẹ́ mọ bó ṣe jìn tó ni?” ni ìyàwó rẹ̀ bi í. “Ẹ jẹ́ á máa lọ jàre.”

Inú Télọ̀ dùn. Mẹkáníìkì wá bá wọn lójú fèrèsé.

“Bàbá, mi ò ní tàn yín o. Eléyìí ò fẹ́ eré. Tẹ́ ẹ bá sáré ní kọ́nà, ìdí ọkọ̀ á máa jó.”

“Ta ni mo fẹ́ sáré lọ bá?” ni Télọ̀ wí. “Ẹni tí mo máa ń sáré lọ bá nílé ló jókòó sẹ́yìn yìí.”